Oyin Ẹ̀yìnkùlé àti Láfún Ìkórè

Mo rántí ìgbà tí mo gbé àpótí oyin méjì wọ ilé ọkọ mi ní Lánlátẹ̀. Ọdún tí wọ́n gbé mi níyàwó gan-an ni. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ àwa olùkọ́ mélòó kan ní oyin sísìn nígbà ìsinmi. Lójú ara mi, mo ti mọ gbogbo ohun tí ènìyàn lè mọ̀ nípa oyin. Ìyá ọkọ mi, tí í ṣe Ìyá Ìjọ, tí gbogbo àdúgbò sì ń yin láfún wọn nítorí pé ó máa ń funfun bí òwú, dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wo ọlọ́kadà tí ó ń tú okùn àpótí, wọ́n wo ikùn mi, wọ́n tún wo àpótí. Wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbé ọmọ wọlé, èmi gbé oyin.

Wọn ò bá mi jà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn oyin ló ń bá ènìyàn jà. Wọ́n ta ewúrẹ́ aládùúgbò títí ó fi já okùn. Wọ́n ta ọkọ mi létí, etí náà sì wú débi pé kò lè dé fìlà lọ síbi ìsìn. Wọ́n ta pásítọ̀ wa níjọ́ tí wọ́n wá gbàdúrà ọmọ fún wa ní ẹ̀yìnkùlé, tí gbogbo wa ti dijú, tí àdúrà sì ti gbóná. Àmín tí a gbọ́ kẹ́yìn, láti ìta títì ni ó ti wá. Láti ọjọ́ náà, bí àlejò bá yà sílé wa, ìyá ọkọ mi á kìlọ̀ fún un pé kó rọra, pé ọmọ ìyàwó àwọn pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gba ẹ̀kọ́ ilé nínú wọn.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, òdòdó igbó gbẹ. Ìgbà yẹn náà ni oòrùn máa ń dára fún láfún. Ìyá ọkọ mi ti rẹ ẹ̀gẹ́, wọ́n ti fún un, wọ́n sì sá a sórí àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa. Láfún ìkórè ni. Àwọn ìjọ láti Erúwà àti Igbó-Ọrà ń bọ̀ wá bá wa ṣe ìdúpẹ́, ọkà láfún ìyá ọkọ mi ni gbogbo wọn yóò sì jẹ. Oyin tí kò bá rí ìyẹ̀fun òdòdó kó máa ń wá ìyẹ̀fun mìíràn lọ, nítorí náà orí àpáta yẹn ni àwọn tèmi náà forí lé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ìkórè ti kù sí dẹ̀dẹ̀, mo dé ẹ̀yìnkùlé, mo rí i tí iwájú àpótí méjèèjì dúdú fún òkú oyin. Àwọn tí kò tíì kú ń yí po lórí ilẹ̀, wọ́n na ahọ́n síta, ẹsẹ̀ wọn funfun fún láfún. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo rò pé wọ́n ti da kẹrosíìnì sí àwọn oyin lára nítorí láfún wọn. Mo lọ kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, mo ń gbóòórùn ọwọ́ wọn. Wọ́n wò mí tìyanutìyanu, ojú wọn tàn. Wọ́n bi mí bóyá nǹkan ti dé, pé bí òórùn ṣe máa ń dààmú aboyún nìyẹn.

Ojú tì mí. Kò sí òórùn kẹrosíìnì kankan. Mo padà lọ wo oyin tó ṣì lágbára láti fò, mo tẹ̀ lé wọn dé orí àpáta. Láàárín àwọn ègé láfún, nínú àwọn kòtò kéékèèké ara òkúta, mo rí ẹ̀tù funfun kan tó ń ta ènìyàn nímú. Hóró ẹ̀wà fífọ́ mélòó kan wà nínú rẹ̀, òkú oyin sì tò yí i ká. Mo mọ òórùn náà. Oògùn tí wọ́n ń dà sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ ni. Ẹnì kan ti sá ẹ̀wà sójú kan náà kí láfún tó débẹ̀, àti oògùn àti láfún sì funfun bákan náà.

Ìyàwó wo ni yóò dúró níwájú ìyá ọkọ rẹ̀ kó ní májèlé wà nínú oúnjẹ wọn? Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Mo padà sílé, mo bá ìyá ọkọ mi ní ìdí àdògán. Wọ́n ti kó apá kan láfún náà lọ sí ẹ̀rọ, ó ti kúnná, omi sì ti ń hó lórí iná. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ohun tí mo rí fún wọn.

Wọ́n bi mí léèrè: "Oyin rẹ ló wá sọ fún ọ pé láfún mi ò dáa?"

"Màmá, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kú ni."

Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ń ṣe láfún, kò sí ẹni tó jẹ ẹ́ tó ní inú ń run òun. Wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun nínú igbá kí wọ́n lè tọ́ ọ wò lójú mi. Èmi náà ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi gbéra. Mo gbá ọwọ́ ìyá ọkọ mi dànù, láfún sì bo àwa méjèèjì lójú àti lórí. Ibẹ̀ ni ọkọ mi wọlé bá wa, a funfun bí egbére. Ó kọ́kọ́ wo ìyá rẹ̀, ó wò mí, ó sì sún sẹ́yìn bí ẹni tó ṣì ilé yà.

Nígbà tí a ṣàlàyé fún un, ó gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń ta ẹ̀wà ní òpin àdúgbò. Bàbá náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ó ká ọwọ́ lérí. Ó ní lóòótọ́ ni, òun gbọn ẹ̀wà olóògùn sórí àpáta yẹn, òun sì rò pé afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti gbá a lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ọkọ mi, ó ní òun yóò fi ẹ̀wà rọ́pò láfún náà.

A gbẹ́ ilẹ̀, a sin gbogbo láfún náà pátá. Ìyá ọkọ mi dúró tì í títí tí a fi bò ó tán, wọ́n ń fi etí ìró nu ojú, mo sì mọ̀ pé láfún tó kó sí wọn lójú nìkan kọ́. Àbúrò wọn kó iṣu wá láti Igangan, iyán ni àwọn àlejò ìkórè jẹ. Níbi ìsìn, ìyá ọkọ mi jáde lọ jẹ́rìí. Wọ́n sọ bí Olúwa ṣe fi oyin àwọn ṣe olùṣọ́, oyin tí àwọn fi ọwọ́ ara àwọn tọ́jú. Wọ́n ní nígbà tí àwọn fẹ́ fi láfún náà kan ẹnu, agbára àìrí kan gbá àwọn lọ́wọ́. Ìjọ pariwo halelúyà. Èmi tí mo jẹ́ agbára àìrí ṣe àmín pẹ̀lú wọn.

Àwọn ọmọ ti dé báyìí, àpótí oyin sì ti pọ̀ sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fín oògùn sóko ládùúgbò wa, ó ń kọ́kọ́ wá sọ fún ìyá ọkọ mi. Nígbà mìíràn, mo máa ń rò ó pé àwọn oyin ọjọ́ yẹn ò mọ̀ pé a wà. Oúnjẹ ọmọ wọn ni wọ́n ń wá lọ. Àwa la sọ ikú wọn di iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ fún wa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ìyá ọkọ mi níwájú àpótí oyin láàárọ̀, wọ́n jókòó sórí àpótí ìjókòó kékeré, wọ́n ń wo àwọn oyin. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí.

"Kò sí nǹkan kan," ni wọ́n wí. "Wọ́n kàn ń lọ síbi iṣẹ́ ni."

Mo lọ mú àpótí ìjókòó tèmi.