Omi Ọyàn Lójú Jẹ́jẹ́

Láàárọ̀ yìí, ọmọ ọmọ mi gbé páálí bàtà kan wọlé. Mo gbọ́ igbe tín-ínrín nínú rẹ̀. Mo mọ igbe ọmọ ológbò tí kò ríran.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, yàrá méjìlá ló kọjú síra nílé wa ní Mushin, eku ibẹ̀ sì pọ̀ ju ayálégbé lọ. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń kẹ́ ológbò wa. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni tèmi: Jẹ́jẹ́, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, omi lásán ló ń jáde lójú òsì rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti di ipin pupa rúsúrúsú, ìpéǹpéjú ti lẹ̀ pọ̀. Mo ní apolo ni. Ta ni kò sì mọ oògùn apolo nígbà náà? Omi ọyàn ni. Mo lọ bẹ Àǹtí Ṣadé, aládùúgbò wa tó ń tọ́mọ lọ́wọ́.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé? Kí n fún ológbò lọ́yàn?”

“Ojú ẹ̀ nìkan ni, ẹ jọ̀ọ́ mà.”

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó fún omi ọyàn díẹ̀ sínú ìdérí ìgò. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń kán an sójú rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ojú náà ti wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi, ọ̀tún ti ń lẹ̀, Jẹ́jẹ́ kò sì mu ọmú mọ́.

Àǹtí Ṣadé kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó fà mí lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ní Yábàá. Dókítà náà fi òwú àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ipin náà títí ó fi rọ̀.

“Tó bá jẹ́ omi lásán, tí ojú là, tó ń jẹun, ẹ lè máa nù ún, kí ẹ wò ó di ọjọ́ kejì. Àmọ́ tí ipin bá pọ́n, tí ojú lẹ̀ tàbí tó wú, tí kò jẹun, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e wá. Ọjọ́ mélòó lẹ fi dúró?”

Mo na ìka mẹ́ta.

Pẹ̀lú oògùn tó fún wa, ojú ọ̀tún là. Ti òsì kò là mọ́ láéláé. Ojú kan yẹn ni Jẹ́jẹ́ fi pa eku fún wa fún ọdún mẹ́sàn-án, Àǹtí Ṣadé sì ń pè é ní ọmọ òun.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, fóònù lẹ ń bi léèrè báyìí, kì í ṣe ìyá ọlọ́mọ. Ipin ṣì ni ipin. Mo ṣí páálí náà: ojú ọmọ ológbò náà pọ́n, ó ti lẹ̀.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká wò ó di ọ̀la ná.”

Kó tó sọ ọ́ tán, mo ti wọ bàtà.