Bí Mo Ṣe Gbé Ilé Àlàájì Sínú Kánáàlì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ ibí kí n fẹnu ara mi ròyìn ara mi! Mo ju ilé onílé sínú kánáàlì láìfọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo. Àdúgbò wa ní Ifákò-Ìjàyè ló ti ṣẹlẹ̀, ó sì sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹlòmíì tó bu ata àti iyọ̀ sí i.

Òpèbí ni ibi iṣẹ́ mi wà, wẹ́ẹ̀bùsáìtì ni mò ń ṣe níbẹ̀ fún àwọn oníṣòwò. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa gbọ́, wọ́n ní kí n bá àwọn ya máàpù tó ṣeé ṣí lórí fóònù. Bí èèyàn bá fọwọ́ kan ilé kan, kí orúkọ onílé jáde, kí gọ́tà tó ti dí náà hàn, kí àwọn lè fi han káńsù. Ayálégbé lásán ni mí o! Inú mi dùn pé wọ́n pè mí sí ọ̀rọ̀ onílé.

Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí gbogbo ayé jọ ń lò ló wà fún un. QGIS ni mo fi to àwọn ilé jọ lórí kọ̀ǹpútà, Leaflet ni mo sì fi gbé e sórí ayélujára.

Alága ẹgbẹ́ ní kí n máa lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú fóònù, kí n fi mú ibi tí ilé kọ̀ọ̀kan wà. Nínú oòrùn yẹn? Èmi Bùkọ́lá? Mo ní kí wọ́n kàn fún mi ní fọ́tòkọ́pì ìwé sọ́fè wọn. Ṣebí àwọn tó wọn ilẹ̀ ti kọ nọ́ńbà igun ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀? Mo jókòó sábẹ́ fáànù, mo tẹ nọ́ńbà wọlé, gbogbo ilé jáde lẹ́sẹẹsẹ. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

N kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àárọ̀ Sátidé ni mo fi líǹkì rẹ̀ sí gúrúùpù wáásáàpù àdúgbò.

Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú kánáàlì tí omi òjò ń gbà kọjá ládùúgbò wa ni òun rí ilé Àlàájì Mùfútáù. Yéè! Ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ní Èkó yìí. Ilé tó bá wà lójú kánáàlì, ọ̀dà pupa ló kọ́kọ́ ń dé ara ògiri rẹ̀, katapílà ìjọba á sì tẹ̀ lé e.

Wẹ́dà ni Àlàájì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé náà, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi jó géètì rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n pe péńtà wá kùn ún fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, péńtà ti ń palẹ̀ mọ́, ìdajì ògiri ti di àwọ̀ ewé, ìdajì yòókù ṣì jẹ́ sìmẹ́ńtì. Méjì nínú àwọn ayálégbé wọn ti ń béèrè ilé mìíràn káàkiri.

Àlàájì bi mí pé ta ló rán mi. Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi, sà, bóyá kọ̀ǹpútà ló ṣàṣìṣe. Ìyẹn ló tún bí wọn nínú jù.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe mistake? Ṣé kí n máa kun ilé tí wọ́n fẹ́ wó ni, ọmọ mi?"

Ó dùn mí dé eegun.

Mo sáré padà sílé, mo tún nọ́ńbà wọn tẹ̀. Inú kánáàlì! Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn, bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Inú kánáàlì náà ni! Ẹ̀rù wá bà mí: àbí òótọ́ ni?

Alága ló ní kí n lọ bá Bàbá Sọ́fè. Bàbá Èkìtì kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa ni wọ́n, mo sì ti rò pé ìnagijẹ lásán ni orúkọ yẹn. Àṣé iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ìjọba ní Aláúsá títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì! Wọ́n wọ gíláàsì, wọ́n fi ìka sún máàpù síwá sẹ́yìn. Wọn ò tilẹ̀ wo ilé Àlàájì.

Wọ́n ní, "Ilé tèmi dà?"

Mo wá a kàn. Àárín pápá bọ́ọ̀lù iléèwé ló wà! Ilé alága ńkọ́? Orí títì! Gbogbo àdúgbò ló ti ṣí kúrò nípò lẹ́ẹ̀kan náà, ilé Àlàájì nìkan la tẹjú mọ́.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Wọ́n ṣàlàyé pé Minna lọ́hùn-ún ní Ìpínlẹ̀ Niger ni ìwé sọ́fè àtijọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n rẹ̀, pé máàpù orí fóònù ní ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n ní bí ẹni méjì bá ń ka ilé láti oríta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣé ilé kẹta wọn lè jẹ́ ọ̀kan náà?

"Ṣé o sọ fún kọ̀ǹpútà pé Minna ni?"

N kò sọ fún un o! Bẹ́ẹ̀ Minna ti wà nínú QGIS láti ọjọ́ yìí, tó ń dúró kí n yan òun. Mo yàn án, ilé kọ̀ọ̀kan sì padà sí àyè rẹ̀. Àmọ́ Bàbá Sọ́fè ò tíì dá mi sílẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé fóònù, kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò láti ilé dé ilé. Ní ọ̀sán gangan! Oòrùn tí mo sá fún, òun náà ni mo padà rìn nínú rẹ̀.

Ilé Àlàájì ni mo kọ́kọ́ yà sí. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, mo na fóònù sí wọn pé kí wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́. Orúkọ wọn jáde, kánáàlì wà lọ́hùn-ún, ó jìnnà dáadáa. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n wo géètì, wọ́n wo fóònù.

"Alhamdulillah. O ti gbé mi padà sílé." Ni wọ́n bá fi igbe ta sí péńtà lórí fóònù pé kó máa bọ̀ kíá!

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí n tó gbé ilé ẹnikẹ́ni sórí máàpù, kí n kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ara mi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kí n sì máa bi àwọn àgbà tí mò ń kí lójú ọ̀nà léèrè iṣẹ́ tí wọ́n ṣe rí.

Bí ẹ bá ṣí máàpù wa lónìí, ilé kan ṣoṣo ló ní àwọ̀ ewé láàárín àwọn tó kù. Àlàájì ló bẹ̀ mí pé kí n kun ti inú fóònù náà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ibo ni máàpù ti gbé yín lọ rí? Àbí ẹ̀yin lẹ gbé ẹlòmíì lọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má tijú. Mo ti jẹ́wọ́ tèmi, ó ku tiyín!