Mo Dá Ilà Bàálù Sí, Mo Pa Ilà Òkú Rẹ́

Mi ò mutí, orí mi ò sì dàrú. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà á kó fi í sílẹ̀. Agogo méjì ọ̀sán ni, ní Bẹẹrẹ, nínú ṣọ́ọ̀bù mi.

Fọ́tò àtijọ́ ni mo ń tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gbẹ́ni kan wọlé, agbádá ńlá, ọpọlọ bíńtín. Ó ń du oyè mọ́gàjí, olórí agboolé wọn. Ó gbé fọ́tò ogun Bọ́mà kalẹ̀: bàálù ogun kan, ọkùnrin kan dúró lábẹ́ apá rẹ̀, korobá tí ọṣẹ ń hó nínú rẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá mi ló wà á," ó ní. "Ẹ bá mi yọ korobá yẹn."

Ẹ gbọ́ ná! Awabàálù wo ló ń gbé korobá omi ọṣẹ kiri?

Ó tún ní kí n pa lẹ́tà ara bàálù rẹ́, kí n fi ti orúkọ bàbá òun sí i. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Lẹ́tà méjì, àmì róbótó, lẹ́tà kan, nọ́ńbà nídìí ìrù: ilà ojú bàálù nìyẹn, òun ni wọ́n fi ń mọ ẹgbẹ́ ogun tó ni ín. Mo ní mi ò ní fọwọ́ kàn án, àwọn tó mọ̀ á fi wá ṣẹ̀sín.

"Ó dáa. Ojú ńkọ́? Pélé bíi tiyín lẹ ń wò yẹn, àbàjà ni tilé wa."

"Ṣé bàbá yín kọ́ ni?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Inú àpótí nílé tí mo rà ní Bẹ́yẹrúnkà ni mo ti rí i. Ta ló máa mọ̀?"

Aláìnítìjú! Èmi náà tí mo gbà á ńkọ́? Mo pa pélé òkú olókùú rẹ́, mo ní kí n máa fa àbàjà sí i.

Ẹ gbà mí gbọ́, ilẹ̀kùn ò dún. Òórùn bẹntiróòlù ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo gbójú sókè, ọkùnrin inú fọ́tò dúró tì mí, tòun ti korobá. Ojú rẹ̀ ti di ojú bọ̀rọ́, kò sí ilà kankan.

"O dá ilà bàálù sí," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "O pa tèmi rẹ́. Báwo làwọn èèyàn mi ṣe máa dá mi mọ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," mo ní. Òkú náà ò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo sá lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Pópó Yemọja. Kò ríran mọ́, ọwọ́ ló fi ń mọ àwa ọmọ rẹ̀. Ó fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó tún pa á, ó sì fà sẹ́yìn.

"Ohùn ọmọ mi lo fi ń sọ̀rọ̀," ó ní, "ṣùgbọ́n ọmọ mi ní pélé. Ta ni ọ́?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi òkú olókùú ṣe bàbá, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá wọn ṣe é, ẹ ṣọ́ra. Títí dòní, ìyá mi ò tíì jẹ́ kí n wọ yàrá òun.