Lẹ́tà Roboto Lára Bánà Ìsìnkú

Àkànní ọkọ mi, adúmáadán bí kóró iṣin, ọmọ a-fi-ọ̀dà-pèrò-sọ́jà, ti lọ. Àwọn ló ń kọ lẹ́tà roboto tó yọkùn sára pátákó àwọn oní-dòdò ní Ìkirè, kí onímọ́tò lè tètè rí i.

Nígbà tí bánà ìsìnkú wọn dé, irú lẹ́tà yẹn náà ni mo rí níbẹ̀. Ara fu mí. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kọ lẹ́tà òkú nílùú wa. Mo pe àbúrò wọn.

“Ọkọ mi, ṣé dòdò lẹ fẹ́ tà ni, àbí ẹ̀ ń yọ̀ pé ẹ̀gbọ́n yín kú?”

“Ìyàwó wa, àwọn fúnra wọn ló yàn án.”

“Ẹ lọ wá irọ́ mìíràn pa!”

Mo bá wọn dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ní Àpòmù. Ó tẹ fóònù rẹ̀, ohùn ọkọ mi sì jáde: “Jẹ́ kó sanra dáadáa. Ẹni tó ń sáré bọ̀ láti Gbọ̀ngán gbọ́dọ̀ lè kà á pé mo ti lọ.”

“Màmá, oṣù tó kọjá ni wọ́n fi ohùn yìí ránṣẹ́.”

Oṣù tó kọjá! Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ fún mi nígbà náà pé ara àwọn ti ń yá.

Mo ní kí wọ́n gbé bánà náà kọ́. Ọjọ́ Ẹtì la sin wọ́n.