Mo Lọ Ta Ilẹ̀ Tí Mo Rà Nígbà Ọyẹ́

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo gun ọkọ̀ akẹ́rù ní Ṣakí. Àpò èlùbọ́ ló kún inú rẹ̀, àwa èrò sì jókòó lé e lórí. Ṣílè méje ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi dé Ìbàdàn. Màmá mi di ẹ̀kọ mẹ́fà àti àkàrà fún mi, ó ní kí n lọ ire, kí n bọ̀ ire, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò sìn mí dé gáréèjì. Láti ọdún tó kọjá ni kò ti dárúkọ Ìbàdàn létí mi mọ́.

Ẹ̀bi mi ni. Ọdún mẹ́wàá ni Màmá fi ń ra èlùbọ́ jọ láti abúlé, tó ń kó o ránṣẹ́ sí Ọjà'ba ní Ìbàdàn, tó sì ń sanwó fún ẹni tó ń bá a tọ́jú rẹ̀. Ó fẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí tirẹ̀ níbẹ̀. Torí pé mo ka ìwé dé kíláàsì kẹrin, èmi ló rán. Inú ọyẹ́ ni mo lọ. Alágbàtà kan mú mi lọ sí ìsàlẹ̀ Bẹyẹrunka, ó fi ilẹ̀ gbígbẹ kan hàn mí, ó fẹ̀, kò sì wọ́n: àádọ́ta pọ́n-ùn. Mo sanwó lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí òjò dé, odò kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gòkè wá, omi mu èèyàn dé orúnkún. Èlùbọ́ àti omi kì í sì í gbé pọ̀.

Bàbá Ràímì, ìbátan Màmá tó ń rán fìlà ní àdúgbò Ọ̀rányàn ní Ìbàdàn, ló kọ̀wé pé ẹnì kan fẹ́ ra ilẹ̀ náà. Ọyẹ́ tún ti dé, ilẹ̀ ti gbẹ. Ohun tí mo pinnu lórí àpò èlùbọ́ yẹn ni pé n kò ní sọ ọ̀rọ̀ omi. Mo ń jẹ́wọ́ rẹ̀ níbí torí pé òótọ́ ni.

Eruku pupa ni a jẹ títí a fi kọjá Ìsẹ́yìn. Awakọ̀ bi mí ìdí tí èmi nìkan kò fi ní ẹrù. Mo ní ẹrù mi ti wà ní Ìbàdàn, kò ṣe é gbé ni. Ó ní, "Gbèsè ni, àbí obìnrin?" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ní Ọ̀yọ́ mo ra ìrẹsì àti ẹ̀wà ní tọ́rọ́. Láti ibẹ̀ ọ̀nà ọlọ́dà ni, eruku sì dáwọ́ dúró.

A rí òkè Mápó lókèèrè kí oòrùn tó wọ̀, pẹ̀lú àwọn òrùlé páànù tó ti pọ́n, tí wọ́n fara kan ara wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, orí àpáta gbalasa ni a ti ń sá èlùbọ́. Níbí, omi òrùlé ẹnì kan ń kán sí ara ògiri ẹlòmíràn. Bàbá Ràímì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí ibojì bàbá rẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, ó ń rán fìlà. Ó ní ilé tí bàbá ẹni bá sùn sí kì í ṣe títà, ìdí nìyẹn tí àlejò fi ń bá ara rẹ̀ létí odò. Ó wò mí. "Ìwọ lo ra odò, tí wọ́n fi koríko bò ó fún ọ."

Lọ́jọ́ kejì ni mo pàdé oníbàárà náà, Ọ̀gá Lámídì. Lọ́ńdìrì ni iṣẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ti ń pe alágbàfọ̀ ní ìgboro. Aṣọ àwọn akọ̀wé ìjọba ní Agodi ló ń fọ̀. Ó fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ náà, ó tọ́ka sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó ní ibẹ̀ ni òun yóò kọ́ yàrá tí ìyàwó òun àti àwọn ọmọ yóò máa sùn sí. Ó mú owó jáde. Ọwọ́ mi ti nà.

N kò mọ bí ẹnu mi ṣe là. Mo ní, "Ẹ dákun, Ọ̀gá, ẹ má kọ́lé síbẹ̀. Omi ń gun ibẹ̀ nígbà òjò." Mo mú un lọ sí ìdí ògiri aládùúgbò, mo fi ìlà ẹrẹ̀ tí omi fi sílẹ̀ hàn án.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ wọn ìlà náà mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ pé omi wà. Òun ni mo ń wá. Níbi tí a ti ń tò sídìí ẹ̀rọ omi ní Bẹẹrẹ ni mo ti ń lo àárọ̀ mi, kànga tí kì í gbẹ ni mo fẹ́ gbẹ́. Ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ ni mo pè é. N kò mọ̀ pé orúnkún ni."

Ó ní kànga àti okùn ìsáṣọ yóò wà nísàlẹ̀, yàrá yóò lọ sókè lórí òkúta. Ó yọ pọ́n-ùn márùn-ún kúrò nínú owó ilẹ̀ fún òkúta náà, ó san ìyókù. Bàbá Ràímì ní òótọ́ mi wọ́n o. Síbẹ̀, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló mú mi gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọ̀rányàn lọ wo ẹ̀yìnkùlé kan tí kò ní ibojì, tí àwọn tó ni ín fẹ́ tà. Ilẹ̀ náà kéré, owó rẹ̀ sì ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Owó wà lápò mi, ó ń gbóná. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi láyè di ìgbà tí òjò ẹlẹ́ẹ̀kejì bá rọ̀. Wọ́n gbà, torí pé Bàbá Ràímì dúró fún mi.

Ilẹ̀ tí èèyàn kò tíì rí nínú òjò, kò tíì rí i. Ohun tí mo kọ́ bọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí mo délé, Màmá ń jọ èlùbọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àti pọ́n-ùn márùn-ún tó lọ. Kò gbójú sókè. Ó bi mí bóyá alábàárù lè gbé àpò gun Ọ̀rányàn yẹn. Mo ní mo ti fi èjìká ara mi gbé ọ̀kan gùn ún wò.

Ó bu èlùbọ́ díẹ̀ sínú aṣọ funfun, ó so ó, ó gbé e sórí àjà.

"Òjò kejì, a ó jọ lọ sí Ìbàdàn. Èyí ni a ó gbé sílẹ̀ níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ọ̀rinrin bá mú un dì, a ó gbé owó wa bọ̀."