Ọ̀nà Kẹrìnlá Kì í Ṣe Ọ̀nà

Ètò ìlú ọlọ́jọ́ gígùn, èyí tí àwa òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ètò ìlú ń pè ní máásítà pláànù, ni ìwé àti àwòrán tó ń sọ bí ìlú kan yóò ṣe rí ní ogún ọdún sí àkókò tí a kọ ọ́: ibi tí ilé yóò wà, ibi tí ọjà yóò wà, ibi tí mọ́tò yóò gbà, àti ibi tí omi yóò gbà. Ìwé lásán ni lójú ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá yà síbẹ̀ ni wọn yóò pín fún èèyàn, òun náà ni wọn yóò kọ́lé lé. Bí a bá ṣì í yà, ilẹ̀ kò ní torí ìwé yí padà.

Àṣìṣe kan ṣoṣo nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló pa Bàbá Yísà Ọláṣẹ̀hìndé ní Gangare, lẹ́yìn Sabon Tasha ní Kaduna, ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, ọdún 1997. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni. Rédíò ní "arúgbó kan" bá omi lọ. Ọ́fíìsì wa, tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sìn, kò tilẹ̀ rántí orúkọ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìròyìn tiwọn pé "arúgbó kan tó ṣìnà wọ inú omi."

Ó ṣìnà? Ọkùnrin tó fi ẹsẹ̀ wọn ìlú yìí láti Kawo títí dé Sabon Tasha, tó mọ gbogbo kòtò àti gegele rẹ̀ bí ẹni mọ yàrá ìyá rẹ̀, òun ló ṣìnà? Àwa tí a jókòó sídìí tábìlì, tí a fi rúlà fa ọ̀nà gba orí odò, àwa la mọ̀nà?

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí, Kaduna ló ti dàgbà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Kò kà ju pírámárì síìsì lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un ní ọ́fíìsì ètò ìlú ni kí ó máa fa ṣéènì tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Nígbà tó yá, ó kọ́ àwòrán yíyà fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ ju ti àwa tí a lọ sí yunifásítì. Àwọn ará Ungwan Shanu a máa pè é ní Baba Safiyó, nítorí ìwọ̀n ilẹ̀ ni safiyó lẹ́nu àwọn Hausa.

Ní ọdún 1979, nígbà tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Zaria, wọ́n rán mi wá kọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì náà. Bàbá Yísà ló mú mi lọ sí Gangare nínú òjò oṣù kẹjọ. Omi pupa kan ń ya kọjá níwájú wa, ó fẹ̀ tó ilé méjì.

Ó ní, "Jádesọ́lá, bọ́ bàtà rẹ, kí o wọ inú omi."

"Bàbá, òkúta wà níbẹ̀."

"Òkúta ò ní jẹ ọ́. Ṣé ìwé lo fẹ́ bá rìn ni àbí ilẹ̀?"

Mo wọ inú rẹ̀. Omi náà mù mí dé itan. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di àpá mi mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbàgbé: "Ilẹ̀ a máa purọ́ lẹ́ẹ̀rùn, ọmọ mi. Ìgbà òjò ló máa ń jẹ́wọ́."

Igi mọ́ńgòrò kan wà létí ibẹ̀. Lọ́dọọdún, bí omi bá ti ga dé ibi tó lè ga dé, Bàbá Yísà a fi ọ̀dà pupa fa ilà sára igi náà, a kọ ọdún sí i. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ yẹn. Ilà mẹ́rìndínlógún ló wà lára igi náà nígbà tí a gba kọnsọ́tántì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gba kọnsọ́tántì, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ètò ìlú bá ti gbó, tí ìlú ti dàgbà jù ú lọ, ìjọba a wá onímọ̀ láti ìta tí yóò tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé, ẹnìkan nílé gbọ́dọ̀ kọ ìwé iṣẹ́ rẹ̀: ohun tí yóò wò, ìgbà tí yóò wò ó, àwọn tí yóò béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí télọ̀ ni kọnsọ́tántì rí. Ìwọ̀n tí o bá fún un ni yóò rán. Bí aṣọ bá fún ọ lọ́rùn, kọ́kọ́ bi ẹni tó wọ̀n ọ́.

Èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Ní ìparí ọdún 1994, nígbà tí mo ti di òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì náà, èmi ni mo kọ ìwé iṣẹ́ náà látòkè délẹ̀. Àwọn ọ̀gá fẹ́ ṣí ètò tuntun náà ní oṣù kẹwàá ọdún tó tẹ̀lé e, kí àwọn àlejò ńlá tó dé. Mo ka oṣù sẹ́yìn láti ibẹ̀, mo sì kọ ọ́ pé kí kọnsọ́tántì yẹ ilẹ̀ wò láàárín oṣù kìíní àti oṣù kejì. Nínú ọyẹ́! Ní ìgbà tí ilẹ̀ ń purọ́ jù lọ lọ́dún! Mo tún kọ orúkọ àwọn tí yóò bá sọ̀rọ̀: àwọn olóyè àdúgbò, àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì. N kò kọ orúkọ Bàbá Yísà. Ó ti fẹ̀yìn tì ní ọdún kan ṣáájú, Gangare náà ló sì ń gbé. Ta ló ń pe ẹni tó ka pírámárì síìsì sí ìpàdé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n?

Kọnsọ́tántì náà, Ọ̀gbẹ́ni Olúfẹ́mi, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ṣe ohun tí ìwé wa ní kí ó ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, mo bá a wọ Píjò rẹ̀, a gba Gangare kọjá. Ibi tí omi mù mí dé itan ti di iyanrìn tó le gbagidi. Kẹ̀kẹ́ ń kọjá, àwọn obìnrin ń ru igi kọjá, Píjò wa náà kọjá láìta gìrì.

Ọ̀gbẹ́ni Olúfẹ́mi ní, "Màdáámù, ọ̀nà yìí mà dára o! Kí ni wọ́n ń pè é?"

Mo dáhùn pé, "Kò ní orúkọ, sà."

Gbólóhùn yẹn ni mo ń bá sùn, òun ni mo ń bá jí. N kò purọ́, kò ní orúkọ lóòótọ́. Mo mọ̀ pé odò ni. Mo ti wọ inú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ojú tì mí láti sọ fún ẹni tó kàwé jù mí lọ pé orí odò ló ń wa mọ́tò, láìní ẹ̀rí kankan ju ẹsẹ̀ ara mi lọ. Ó wo àwọn ilà pupa ara igi mọ́ńgòrò, ó ní àmì àwọn agégẹdú ni. Mo dákẹ́ sí ìyẹn náà. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ọ̀nà Kẹrìnlá.

Lóṣù kẹta, a gbé àwòrán náà kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ará ìlú wá wò ó. Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Yísà dé pẹ̀lú gíláàsì ojú rẹ̀ tó fi okùn so. Ó fi ìka tọ Ọ̀nà Kẹrìnlá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí àwòrán. Ó wá pè mí.

"Jádesọ́lá, ta ló fa èyí?"

"Kọnsọ́tántì ni, Bàbá."

"Haba! Ṣé ó ti fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ lóṣù kẹjọ rí?"

"Rárá, Bàbá."

"Ìwọ ńkọ́?"

Ó fọwọ́ tọ́ mi léjìká, ó ní, "Kò burú. Èmi á kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n má baà ní kò sẹ́ni tó sọ."

Ó mú lẹ́tà náà wá lọ́jọ́ kẹta. Ojú ìwé méjì ni, Yorùbá ni ó fi kọ ọ́, ó sì ya ojú omi náà sí ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú gíga tí omi dé lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọwọ́ mi ni ó fi í lé.

Bí lẹ́tà bá wọ fáìlì, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà. Lẹ́tà tó bá ti ní nọ́ńbà gbọ́dọ̀ gba èsì kí ẹnikẹ́ni tó lè fọwọ́ sí ètò. Bí mo bá fún lẹ́tà náà ní nọ́ńbà, kọnsọ́tántì yóò padà lọ yẹ ilẹ̀ wò, òjò yóò dé bá a níbẹ̀, oṣù kẹwàá àwọn ọ̀gá yóò sì kọjá. Mo fi lẹ́tà náà sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Mo sọ fún ara mi pé a ó tún un ṣe bí wọ́n bá ti ṣí ètò náà tán lóṣù kẹwàá. Mo ti dúrọ́ọ̀ náà.

A fọwọ́ sí ètò. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n pín ilẹ̀ ní apá ọ̀tún àti apá òsì Ọ̀nà Kẹrìnlá. Àwọn èèyàn mọ ògiri tó gùn sí etí odò, òǹtẹ̀ ọ́fíìsì wa sì wà lórí gbogbo àwòrán ilé wọn. Òjò rọ díẹ̀díẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Àwọn kan wá ń fi Bàbá Yísà ṣẹ̀fẹ̀: "Baba Safiyó, odò yín dà?"

Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, ó dé.

Àúdù, ọ̀dọ́kùnrin tó ń fi máṣíìnì, ìyẹn alùpùpù, gbé èrò, wà níbẹ̀. Ó sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí: "Aago méjì ti kọjá díẹ̀. Òjò ti dá lọ́dọ̀ wa, àṣé òkè ló ṣì ń rọ̀ sí. Bàbá dúró ságbedeméjì ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń lé àwọn ọmọ ilé ìwé padà. Ó ń pariwo pé, 'Ku koma! Ẹ padà! Omi ń bọ̀!' Mo bú u o, màdáámù. Mo ní, 'Bàbá, ṣé bàbá yín ló ni ọ̀nà ni? Ìjọba ló là á!' Ó fi ọ̀pá gbá táyà mi. Ó ní, 'Ìjọba ò lè lúwẹ̀ẹ́, òpònú! Koma!' Ìgbà náà ni mo gbọ́ ìró omi. Mo yí máṣíìnì padà. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ògiri ti ń wó."

Ògiri yẹn ló wó lé e, omi sì gbé e lọ. Ọmọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló lé padà. Kò sí ọ̀kan tó kú. Òǹtẹ̀ wa ló wà lórí àwòrán ògiri tó pa á. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.

Mo lọ sí àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Kò sí òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀ láti ọ́fíìsì wa àfi èmi. Ìyàwó rẹ̀, Hàwáwù, fi mí jókòó sórí ẹní, ó bu omi fún mi. Mo bi í bóyá Bàbá ní ẹ̀dà lẹ́tà tó kọ.

Ó ní, "Kò ní. Mo sọ fún un pé kó kọ méjì. Ó ní kí ló fẹ́ fi èkejì ṣe? Ó ní níwọ̀n ìgbà tó ti wà lọ́wọ́ Jádesọ́lá, ó ti dé ọ́fíìsì nìyẹn."

Kò wò mí pẹ̀lú ìbínú. Bí ó bá bú mi, ìbá sàn.

Wọ́n ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ má fi orúkọ Ọlọ́run bo iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ṣé Ọlọ́run ló ní kí a lọ wo odò lẹ́ẹ̀rùn? Ṣé Ọlọ́run ló ti dúrọ́ọ̀ mi? Lẹ́yìn ikú ọkùnrin yìí ńkọ́, kí ni a ṣe? Lóṣù kejì ọdún yìí, ọ́fíìsì wa tún ri òpó ààlà mọ́lẹ̀ fún ilẹ̀ mọ́kàndínlógún sí i lẹ́bàá Ọ̀nà Kẹrìnlá. Mo rí ìdílé kan tí wọ́n ti kan páànù. Ọmọ wọn jókòó, ó ń ṣeré lórí iyanrìn náà. Ìgbà òjò ti kan ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo mú lẹ́tà Bàbá Yísà jáde, mo fi ọwọ́ ara mi gbé e sínú fáìlì, ó sì gba nọ́ńbà. Mo fi ìjẹ́wọ́ mi lé e lórí, mo sì bu ọwọ́ lù ú. Kí wọ́n fi ìyà tó bá tọ́ jẹ mí. Ṣùgbọ́n kí ìyà náà má dúró lórí mi nìkan. Ta ló ní kí wọ́n tún pín ilẹ̀ mọ́kàndínlógún yẹn, nígbà tí òkú ti sùn níbẹ̀? Ta ló kọ ọ́ pé "ó ṣìnà"? Kí wọ́n jáde, kí wọ́n sọ orúkọ wọn. Kí wọ́n hú òpó wọ̀nyẹn kí òjò oṣù karùn-ún tó dé, kí wọ́n fún àwọn ìdílé náà ní ilẹ̀ gíga. Kí wọ́n pa Ọ̀nà Kẹrìnlá rẹ́ lórí àwòrán, kí wọ́n fi ọ̀dà búlúù ya odò síbẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó mọ̀ ọ́n sí i: Odò Ọláṣẹ̀hìndé. Kò ní orúkọ tẹ́lẹ̀. Ó ti ní i wàyí.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, bí wọ́n bá gbé ètò ìlú kọ́ ní àdúgbò rẹ, lọ wò ó. Bí o bá rí ohun tí kò tọ́, kọ ọ́ sínú ìwé, kí o sì kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì. Má fún ẹni tí o mọ̀. Gbé méjèèjì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà, jẹ́ kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sára méjèèjì lójú rẹ, fi ọ̀kan sílẹ̀, kí o sì mú èkejì lọ sílé. Ẹyọ kan ni Bàbá Yísà kọ, ọmọ tó gbẹ́kẹ̀ lé ló sì fún. Ìwọ kọ méjì.