Orúkọ Tí Ìyàwó Sọ Wá

Òórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni ní pápá tí a ti ń gbá hándíbọ́ọ̀lù nígbà náà, lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Suame Magazine, ní Kumasi. Sìmẹ́ńtì gbalasa ni pápá ọ̀hún. Páìpù àlòkù ni wọ́n jó pọ̀ ṣe òpó ilé bọ́ọ̀lù, bí bọ́ọ̀lù bá sì yí wọ inú ọ́ìlì lẹ́bàá ògiri, àfi ká fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kó tó tún ṣeé dì mú. Ìwọ tó o mọ̀ mí láti kékeré mọ̀ pé n kì í jókòó sójú kan. Eré ẹsẹ̀ ni mo fi jẹun láyé. Mo sá a létí pápá ní Nàìjíríà, mo sá a dé Tùnísíà, wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé mi lọ gbé mi bọ̀, títí di ọjọ́ tí mo fò sókè láti ju bọ́ọ̀lù tí orúnkún mi sì yẹ̀ nígbà tí mo balẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó jinná, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n sáré mọ́. Bí mo ṣe padà sí Kumasi nìyẹn tí mo di kóòṣì àwọn ọmọbìnrin.

Alága ẹgbẹ́ wa kò fara mọ́ ọn. Ó gbà pé mo mọ bọ́ọ̀lù gbá, àmọ́ lójú tirẹ̀, ẹni tó mọ iyán jẹ kọ́ ló mọ iyán gún. Ó sọ ọ́ fún mi láìfi bò: bí a kò bá gba ife ìdíje tó ń bọ̀ ní Santasi, òun yóò mú ọkùnrin kan wá rọ́pò mi. Mo rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn rárá. Bí a bá pàdánù, hándíbọ́ọ̀lù tán fún mi láyé nìyẹn, n kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn tí mo lè fẹ́ràn tó o.

Ọlọ́run sì ti fún mi ní aṣọ́lé bọ́ọ̀lù kan tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Ìyàwó tuntun ni. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni Hájíà kan tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì lọ́jà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Ashanti New Town bíi tèmi. Hájíà gbà kí ìyàwó máa bá wa gbá bọ́ọ̀lù nítorí pé aṣọ́lé nìkan ló ń wọ ṣòkòtò gígùn àti ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn nínú gbogbo wa, ìbòrí rẹ̀ kò sì dí i lọ́wọ́. Àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ méjèèjì, ọmọbìnrin, ló ń sá létí pápá fún mi: ẹ̀gbọ́n lápá ọ̀tún, àbúrò lápá òsì. Ohun tí mo ń lálàá rẹ̀ ni pé kí ìyàwó mú bọ́ọ̀lù, kó pe ọ̀kan nínú wọn, kó sì sọ ọ́ síwájú fún un kí àwọn alátakò tó yíjú padà.

Àlá ni ó jẹ́ lóòótọ́. O mọ àṣà wa, pé ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ tí wọ́n bí láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó. Ọkọ ni gbogbo wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá ẹgbẹ́ mìíràn dán ara wa wò, ìyàwó mú bọ́ọ̀lù kan tí èmi gan-an ti sọ ìrètí nù lórí rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè, ó pariwo pé, "Ọkọ mi!" Ẹ̀gbọ́n dúró, àbúrò dúró, àwọn méjèèjì bojú wẹ̀yìn, bọ́ọ̀lù sì gba àárín wọn kọjá lọ bá ìyá tó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tó tún mú òmíràn, ó gbìyànjú láti ṣe àlàyé: "Ẹ̀yin ọkọ mi tí ẹ wà lápá ọ̀tún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà!" Kó tó sọ ọ́ tán, gbogbo alátakò ti padà sẹ́nu ilé bọ́ọ̀lù wọn, wọ́n ti dúró dè wá, wọ́n tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mu omi.

Orí mi gbóná. "Pe orúkọ rẹ̀!" ni mo fi ń lọgun. "Orúkọ lásán!"

Ó wolẹ̀. "Mepaakyɛw, Kóòṣì," ó bẹ̀ mí. "Wallahi, n kò lè pe ọmọ tí mo bá nílé lórúkọ."

Àbúrò tilẹ̀ sọ pé, "Chálè, kó pè wá o! Kò dùn wá." Ṣùgbọ́n ìyàwó ń mi orí pé rárá, ẹ̀gbọ́n náà sì rán wa létí pé Hájíà yóò gbọ́, nítorí pé kò sí ohun tí Hájíà kì í gbọ́.

Ni mo bá kó gbogbo wọn lẹ́yìn, a gba ilé Hájíà lọ. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún burúkú yìí, mo ní kó ṣàánú mi, kó yọ̀ǹda kí ìyàwó máa pe àwọn ọmọ náà lórúkọ, lórí pápá nìkan. Hájíà yíjú sí ìyàwó.

"Láti ọjọ́ tó o ti délé yìí, o ò tíì sọ wọ́n lórúkọ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Hájíà," ìyàwó dáhùn. Kumasi ni wọ́n bí òun náà sí, kò sì ní ìyá tí ìbá sọ fún un.

"Ah! Ẹ̀bi mi ni paa, ẹ̀bi mi gan-an." Ó pa ọwọ́ mọ́ra. Ó ní nígbà tí òun wọlé ọkọ, Akọ́wé ni òun sọ àbúrò ọkọ òun tí kò mọ á yàtọ̀ sí b, títí ojú fi ti ọmọ ọ̀hún tó fi lọ kọ́ ìwé kíkà. A rẹ́rìn-ín títí. Ó wá ní kí ìyàwó wo àwọn ọkọ rẹ̀ dáadáa kó sì fún kálukú ní ohun tó bá rí lára rẹ̀.

Ìyàwó wò wọ́n bí ẹni tó ń yan aṣọ. Ó sọ ẹ̀gbọ́n ní Ìbàdíàrán, igbe ta. Ó sọ àbúrò, tí ojú rẹ̀ rẹwà ju ti gbogbo wa lọ, ní Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n kóòṣì ni mí. Mo ní ó gùn jù, a ó gé e: Àrán àti Ẹgẹ́.

"Bọ́ọ̀lù yín ló ń kánjú," Hájíà sọ, "orúkọ kò kánjú." Ṣùgbọ́n ó gbà.

Ọ̀rẹ́ mi, ká ní o wà ní Santasi lọ́jọ́ náà! Ó kù díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè ìparí, góòlù wa dọ́gba, ni wọ́n bá fún àwọn alátakò ní pẹ̀nárítì. N kò lè wò ó. Hájíà, ẹni tó ti búra pé òun kò ní jókòó sínú oòrùn nítorí bọ́ọ̀lù, ló di ejìká mi mú. Mo gbọ́ tí bọ́ọ̀lù dún lára ẹsẹ̀ ìyàwó. Mo gbójú sókè, ó ti ta sókè, ó ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì ti kígbe, "Ẹgẹ́! Ẹ gbà!" Igbe náà àti bọ́ọ̀lù jọ jáde ni. Àbúrò ti ń fò lọ, ó gbà á, ó jù ú sínú àwọ̀n, fèrè dún. Hájíà fi agbòòrùn rẹ̀ jó yí pápá ká. Alága wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ọjọ́ wo la máa bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò fún ìdíje mìíràn, bí ẹni pé kò sí ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Lọ́la."

Nígbà náà ni ìyàwó wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ní òun ti sọ mí lórúkọ, bí mo bá fẹ́ ẹ. N kì í ṣe ará ilé ọkọ rẹ̀, kò sì sí àṣà tó ní kó sọ mí lórúkọ. "Arìngbẹ̀rẹ̀," ló wí, ó sì parí òwe náà fúnra rẹ̀: "Arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò mú oyè délé, asárétete kò róyè jẹ."

Láti ọjọ́ tí orúnkún mi ti yẹ̀, mo máa ń tètè dé ibikíbi kí n lè jókòó kí ẹnikẹ́ni tó rí bí mo ṣe ń tiro rìn. Mo rò pé mo ti fi í pamọ́ fún gbogbo ayé, àṣé ọmọbìnrin yìí ti rí i, ó wò ó dáadáa, ó sì rí oyè níbẹ̀. Mo sunkún lójú gbogbo ènìyàn, mo ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn. Lónìí, bí ẹnìkan bá ké sí mi láti òdìkejì títì pé "Arìngbẹ̀rẹ̀!", mo mọ̀ pé ará ilé mi ni. Mo máa ń dìde lójú gbogbo èrò, n ó sì rìn lọ bá a.